Ọmú Táíwò

Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí Wúràọlá ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bùbá rẹ̀ ṣàdédé tutù lápá òsì. Ó jókòó níwájú ilé wọn ní Tápà, ó ń bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú àwọn obìnrin agboolé. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló ta omi sí òun lára. Nígbà tó wọlé tó tú bùbá náà wò, kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe wàrà. Ó pupa díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Orí ọmú náà ti wọnú lọ, bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á láti inú. Ó fọ bùbá rẹ̀, ó sá a, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí.

Bí ọ̀rọ̀ ọmú yìí ṣe jẹ́ nìyí. Ìbejì ni Wúràọlá bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Nínú agboolé ọkọ rẹ̀, olúkúlùkù ìbejì ló ní ọmú tirẹ̀. Táíwò ló ni òsì, Kẹ́hìndé ló ni ọ̀tún, ẹnìkan kì í sì í pààrọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́rin, Táíwò re Èkó. Bẹ́ẹ̀ là ń wí, nítorí a kì í fẹnu wa sọ pé ìbejì kú. Àwọn àgbà wá kìlọ̀ fún Wúràọlá pé kó jẹ́ kí ọmú òsì gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án, torí ẹni tó ni nǹkan lè padà wá béèrè rẹ̀. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan lóko, ọmú ọ̀tún gbẹ, Kẹ́hìndé ń ké títí ohùn fi há a. Wúràọlá wo iwájú ahéré, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnìkan, ló bá ki ọmú òsì bọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ títí tí ìyẹn fi kú, kò sọ fún ìyá tó bí i lọ́mọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọmú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í le, Wúràọlá ti mọ ẹni tó ń bínú. Ohun tí ìyá Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, náà sọ nìyẹn nígbà tó rí i. "Táíwò ló padà wá mu ọmú rẹ̀. Jẹ́ kó mu ún tẹ́rùn." Wọ́n se ẹ̀wà fún ìbejì, wọ́n pín in fún àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, Wúràọlá lọ bá ọ̀gbẹ́ni Zachariah tó ń ta oògùn tó sì ń gúnni lábẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Zachariah dúró lókèèrè, kò fọwọ́ kàn án, ó ní wàrà àtijọ́ ló dì síbẹ̀. Ó fún un ní ìpara. Ìpara tán, ó ra òmíràn. Òjò rọ̀, òjò dá, ìpara ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó le jù ni oorun ọ̀sán. Bó bá ti tòògbé, yóò mọ̀ ọ́n lára pé ẹnu kan tí kò ní eyín ń fa ọmú òun. Kò dun ún púpọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń dìde fúnra rẹ̀ láti gbá ọmọ náà mọ́ra, kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Kí ó má bàa sùn, ó máa ń gbálẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó ń gbá a débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ilẹ̀ ilé Ìyá Ìbejì á tó lu.

Kẹ́hìndé, tó ti di tíṣà ní Ìgangan, wá kí i nígbà ọdún Iléyá. Ó rí ìpara, ó ní kí ìyá òun ṣí àyà, ó wò ó, ó sì bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ lọ sí ọsibítù Igbó-Ọrà, kí dókítà gidi wò yín. Ẹ má fi ti Zachariah ṣe mọ́. Ìdánwò àwọn ọmọ ló so mí mọ́lẹ̀, ǹ bá tẹ̀ lé yín." Ó bẹ ìyá Sàláúdéènì kó sin ìyá òun lọ. Ìyá Sàláúdéènì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ ọn.

Ọjọ́rú ni wọ́n wọ bọ́lẹ̀kájà. Eruku ọ̀nà kún ojú wọn, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí. Dókítà Fọlábí kò dàgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó tẹ ọmú méjèèjì, ó tẹ abíyá, ó tún padà sí apá òsì.

"Ta ló kọ́kọ́ wò yín, màmá?"

"Zachariah tó ń ta oògùn ni. Ó ní wàrà ni, dókítà."

"Kì í ṣe wàrà. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó ti ràn jìnnà." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "A máa gé ọmú yẹn. Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù ni oníṣẹ́ abẹ máa ń ti Ìbàdàn wá. Ọ̀la ni. Tí ọ̀la bá kọjá, ó di oṣù tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ dúró dè é. Kí ẹnìkan nínú ẹbí tẹ ìka síwèé pé ẹ gbà, kó tó di aago márùn-ún."

Wúràọlá wo ìyá Sàláúdéènì. Ìyẹn dìde, ó fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ṣáà ti gbọ́ ohun tí dókítà wí."

"Mo gbọ́. Tá a bá gé ọmú Táíwò, kí ló máa mu? Ta ló máa yà sí lọ́dọ̀? Kẹ́hìndé ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún àbúrò mi nìyẹn." Kò ní in lọ́kàn láti ṣe ìkà. Ẹ̀rù ń bà á ni. "Bó o bá fẹ́, jẹ́ ká jọ máa lọ sílé."

Wúràọlá ní òun ń sinmi díẹ̀. Ìyá Sàláúdéènì dúró títí, nígbà tó yá ó lọ wọ ọkọ̀.

Wúràọlá jókòó. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí òun kú ju kí Kẹ́hìndé kú lọ, ìyẹn ò le rárá. Ohun tó le ni pé kò fẹ́ kú. Ó ti pinnu pé òun á lọ sílé, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó sunkún díẹ̀, kò sì nu ojú.

Ẹnìkan wá jókòó sí apá òsì rẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, màámi."

Wúràọlá fi ìdajì ojú wò ó. Kẹ́hìndé ni, ó fi ìborùn bo orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ta ló sọ fún ọ? Ìdánwò ńkọ́?"

"Mo ti dé ná."

Òórùn àdín àti osùn ń ti ara rẹ̀ wá, bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló ń làágùn; òun ò làágùn.

"Wọ́n ní Táíwò ló ń mu yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ wí?"

Wúràọlá fa bùbá rẹ̀ bo apá òsì.

"Kì í ṣe Táíwò, màámi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e." Ohùn náà rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀. "Ọmú tí ẹ fi sí Kẹ́hìndé lẹ́nu nínú ahéré, kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ebi ń pa á. Mo gbọ́ bó ṣe ń ké."

Irun ara Wúràọlá dìde. Ó yẹ kó yíjú wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò yíjú. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá wò ó, kò ní sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí òun ti rí èjìká tí òun lè fi orí lé. Ó fi orí lé e. Èjìká náà tutù, ó sì le dáadáa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì Salome gbé ìwé àti yíǹkì wá, ọmọbìnrin náà na ọwọ́ òsì, ìborùn rẹ̀ yẹ̀ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ níhà ti Salome, Salome di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà ní òun ń lọ bu omi.

Wọ́n gé ọmú náà lọ́jọ́ kejì. Wúràọlá sùn lọ́sàn-án, ó tún sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ẹnu kankan ò fa nǹkan kan lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Kẹ́hìndé sáré wọ wọ́ọ̀dù, eruku Ìgangan kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Àná ni ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀. Salome rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ lọ bu omi, ẹ ò sì padà wá mọ́."

"Èmi? Mi ò dé ibí rí."

Salome sún mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ ilà pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé, ilà tí wọ́n kọ fún un nígbà tó pé ọdún kan. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ẹni tó tẹ̀ka," ó ní, "kò kọlà."

Ó lọ mú fáìlì wá, ó ṣí i sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tẹ̀ síwájú wò ó. Àmì ìka náà wà lórí ìlà níbi tó yẹ kó wà, ó dúdú, ó mọ́, gbogbo ìlà ara rẹ̀ pé. Kò tó èékánná ọmọńdinrín.

"Èmi ni mo di ìka náà mú," Salome sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìka àgbà ni. Mo fi ọwọ́ ara mi dì í mú."

Kẹ́hìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni Wúràọlá tó sọ ọ̀rọ̀ ahéré fún un, àti ohun tí àlejò náà wí. Kẹ́hìndé fetí sí i títí dé òpin.

"Màmá, tí kì í bá ṣe Táíwò ló ń mu yín, ta wá ni?"

"Dókítà ti sọ ohun tó jẹ́. Àìsàn ni." Wúràọlá mí kanlẹ̀. "Àwa la ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi gan-an ni mo ń purọ́ mọ́ ọn jù."

Ó na ọwọ́ sí ìwé náà, ó rọra gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé àmì kékeré náà, ó sì bò ó pátápátá. Ìwé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n ó ń gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́ ìka rẹ̀, ohun kan sì ń mí níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun ṣe ń mí. Kò sọ fún wọn. Kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí Salome fi ní òun fẹ́ dá fáìlì padà.