Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Kì í Ṣe Tèmi

"Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, kí o fọwọ́ sí i. Àbí o ò mọ̀wé kọ ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu. Ó jókòó sídìí tábìlì kan ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù sórí ìwé tó ní kí n fọwọ́ sí. Mo ka ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi, Bọ́láwùmí Ògúntúndé, mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sí ibi tí n kò sanwó fún, mo sì gbà pé mo jẹ̀bi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Mo ti ṣàlàyé fún yín."

"Gbogbo olè ló ní àlàyé," ló wí, ó tún da ẹ̀pà sẹ́nu.

Mo ti rí àwọn tí ipò ń gùn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ipò kékeré ń pa bí ọtí tó ọkùnrin yìí. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ dọ̀tí, bàtà rẹ̀ ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ bó ṣe ń wò mí, ẹ ó rò pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ to irin náà láti Èkó dé Ìbàdàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò díjú rárá. Mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Èkó, mo sì ń padà bọ̀ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Abẹ́òkúta, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó ń tiro. Kóòṣì iwájú ni àga tirẹ̀ wà, níbi tí àga ti rọ̀ tí owó rẹ̀ sì ju tiwa lọ. Ó ṣèèṣì wọ tiwa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè rìn síwájú mọ́. Àwọn géńdé tó jókòó yí wa ká tẹ orí mọ́ fóònù. Ọ̀kan tilẹ̀ ń díbọ́n pé òun ti sùn, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lójú oorun.

Mo dìde fún ìyá náà.

"Alihamudulilahi! Ọmọ mi, Ọlọ́run á dá ọ lọ́lá," ni ìyá wí. "Ìwọ náà ò gbọdọ̀ dúró o. Lọ jókòó sí tèmi níwájú. Gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, kí o fún mi ní tìẹ."

A ṣe pàṣípààrọ̀. Nílé wa, bí àgbà bá ní kí o jókòó síbì kan, o kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn, kò sì wá sí ìyá lọ́kàn, pé orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì lè di ẹjọ́.

Ìgbà tí Adégbìtẹ́ dé láti yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ló di ẹjọ́. "Shukurat Mánsúrù. Ìwọ ni Shukurat?" Mo ní rárá, mo sì mú un lọ síbi tí mo ti dìde. Àga ti ṣófo. Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú ti ìgbẹ̀yìn, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì mi lọ́wọ́. Mo bẹ àwọn géńdé pé kí wọ́n jẹ́rìí mi. Ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ní òun ò rí nǹkan kan. Ojú wà lágbárí wọn lóòótọ́, àmọ́ àfi bíi pé wọ́n yá a ni.

Adégbìtẹ́ ti ìwé náà sún mọ́ mi. "Fọwọ́ sí i, owó ìtanràn á dín sí ìdajì, kí o máa lọ ilé. Tó ò bá fọwọ́ sí i, kí ìwọ àti bàbá rẹ wá rí ọ̀gá wa lọ́jọ́bọ̀. Tí ẹ bá jẹ̀bi níbẹ̀, lẹ́tà á lọ sí ilé ìwé rẹ."

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ló já mi láyà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ ló ń san owó ilé ìwé mi, àwọn ni wọ́n sì fẹ́ san owó ìdánwò àṣekágbá mi. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ tí ilé ìwé bá fẹ̀sùn ìwà burúkú kàn, wọn ò ní san owó rẹ̀ mọ́. Bí lẹ́tà yẹn bá fi lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn. Síbẹ̀ n kò fọwọ́ sí i. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi pe ara mi lólè nítorí kí Adégbìtẹ́ lè ráàyè parí ẹ̀pà rẹ̀.

Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Òkè-Àdó. Nígbà tí mo ròyìn fún wọn, wọ́n gbé irin iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Láwùmí, ṣé bó o ṣe sọ ọ́ yìí náà ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ti parí. A ó jọ lọ." Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kejì.

Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè ni Bọ̀ọ̀dá Dáre, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé ní Agbowó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wálé ní ọjọ́rú, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya lórúnkún tó fi owó rà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí Bọ̀ọ̀dá Dáre kò mọ̀. Iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

"O fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún wọn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. You dey learn work! Wo èyí."

Ó fa bébà kan yọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ni, ó sì jọ ojúlówó bí ìbejì. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀: kóòṣì iwájú, àga kẹrìnlá tí wọ́n ti bá mi gan-an, ọjọ́ Ajé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tẹ ìwé fáwọn èèyàn ní Agbowó ló bá a ṣe é.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi," mo wí.

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ dá ọ lẹ́bi, fà á yọ. Tó o bá lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ aránṣọ láti ìsinsìnyí."

Mo wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. Lẹ́yìn náà, mo gba bébà náà, mo fi í sáàárín ìwé nínú báàgì mi. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní lò ó, pé kó kàn wà níbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́bọ̀, a dé iwájú ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Akínsànyà, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Adégbìtẹ́ ti gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ wá láti bà mí jẹ́. "Ògbólógbòó lọmọ yìí, mà. Ó jí tíkẹ́ẹ̀tì ìyá arúgbó kan, ó sì sá lọ síwájú."

Lọ́jọ́ Ajé, kò sọ pé mo jí tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kankan. Irọ́ rẹ̀ ti dàgbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyáàfin Akínsànyà wò mí. "Bọ́láwùmí, ṣé o ní tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ orúkọ rẹ fún àga kẹrìnlá níwájú?"

Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì kí n tó mọ̀. Mo fọwọ́ kan etí bébà náà. Mo rántí ilé ìwé, mo rántí lẹ́tà. Mo ṣíjú wo bàbá mi. Wọn kò bẹ̀rù rárá. Wọ́n jókòó bí ẹni tó ti mọ ohun tí ọmọ òun máa sọ.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Kóòṣì ẹ̀yìn ni tèmi. Mo dìde fún ìyá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n ní kí n lọ jókòó sí tiwọn, a sì ṣe pàṣípààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀ pé kò dáa. Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ wọn."

Adégbìtẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, mà! Ó ti jẹ́wọ́!"

Obìnrin náà fa bébà kan yọ nínú fáìlì rẹ̀, ó kà á sókè. Láti ibùdókọ̀ tí ìyá ti sọ̀ kalẹ̀ ló ti wá. Ní ẹnu géètì, wọ́n rí i pé orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti ìyá náà. Ìyá bá jókòó sílẹ̀, ó ní òun ò lọ síbì kankan àfi tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀: "Ọmọ tó dìde fún mi ló ni í. Èmi ni mo rán an lọ síwájú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́." Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni wọ́n ti fi èyí ránṣẹ́ sí yín, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́."

"Mà, mi... mi ò tíì ráàyè kà á."

Ìyáàfin Akínsànyà gbé ìwé tí n kò fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Ó gbọ̀n ọ́n, èèpo ẹ̀pà sì já bọ́ sórí tábìlì. "Ẹ ráàyè jẹun lórí ìwé, ẹ ò ráàyè kà á."

Kò sí ẹ̀gàn tí mo ti kó jọ fún ọkùnrin yẹn tó tó ìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Mo ti fagi lé owó ìtanràn náà, kò sì sí lẹ́tà tó ń lọ síbì kankan," ni obìnrin náà sọ fún wa. "Lọ́jọ́ mìíràn, Bọ́láwùmí, kí o tó pààrọ̀ àga, sọ fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mo ti mọ ẹni tó ni àga kẹrìnlá kí ẹ tó wọlé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bi ọ́ ni. Àwọn ọmọ máa ń gbé ayédèrú wá síwájú mi. Àwọn yẹn, ọlọ́pàá ni mo ń pè fún wọn."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Bàbá mi ń fò fún ayọ̀ nígbà tí a dé Ring Road. Wọ́n ra ọsàn fún mi. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé ọmọ mi ò ní parọ́."

Ọsàn náà kò ṣe é jẹ. Mo fa bébà náà yọ, mo sì fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Mo sọ bó ṣe dé ọwọ́ mi, n kò di gbogbo ẹ̀bi ru Bọ̀ọ̀dá Dáre, nítorí kò sẹ́ni tó fi ipá kì í bọ báàgì mi.

"Fi ọwọ́ ara rẹ fà á ya," ni wọ́n wí.

Mo fà á ya wẹ́wẹ́. Lálẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe Dáre wálé, ohun tí wọ́n sọ fún un kò ṣe é kọ síbí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kẹ́gàn Adégbìtẹ́, ẹ̀gàn náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé tó pè mí lólè, òun ló parọ́. Lọ́jọ́bọ̀, bí ọwọ́ mi bá ti fa ìwé yẹn jáde ni, òun ni ì bá jàre. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní òtítọ́ lọ́wọ́, ẹ má lọ yá irọ́ kún un. Irọ́ náà ló máa sọ òtítọ́ yín di èké.