Ọwọ́ Lẹ́yìn Ọrùn Ọmọ

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ni káfíńtà kan kú. Ó jẹun tán, ó jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kò sì dìde mọ́. Kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín ni ọ́fíìsì físà dá ìwé ìyàwó ọmọ rẹ̀ padà. Ọmọkùnrin náà ń wa bọ́ọ̀sì lókè òkun. Ó ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tuntun tí kò tíì fojú rí, kí wọ́n lè wá bá a. Ọ́fíìsì ní àwòrán ọmọ kò bá òfin mu. Ará ilé rò pé aṣọ ọmọ ni kò dára. Wọ́n ra tuntun, wọ́n ya òmíràn. Ìyẹn náà padà wálé.

Àbúrò káfíńtà obìnrin, tí àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Wí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé àjẹ́ ni opó ẹ̀gbọ́n òun, ìyá àgbà ọmọ náà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni òwìwí kan ti ń bà sórí òrùlé wọn nírọ̀lẹ́. Ó ti jẹ baba, ó kan ọmọ.

"Ìyàwó wa, ṣé o ò rí bó ṣe máa ń di ọmọ yẹn mú ni?" ló wí fún ìyá ọmọ. "Bí ẹni di adìẹ tó fẹ́ pa."

"Ìyá ọkọ mi ni wọ́n, Àǹtí."

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Ìyàwó kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ẹyẹ náà bá bà, tó yí orí rẹ̀ ribiti, tó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Bí ọmọ bá sín, ojú ìyá àgbà ló ń wò. Ìyá àgbà rí i. Ó ń fọ ìlédìí ọmọ lọ.

Mo-Ti-Wí pe ọmọ tó wà lókè òkun, ó rò fún un títí. Ọmọ náà pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín fúngbà díẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà ní àkókò ti tó tóun máa gbé bọ́ọ̀sì jáde. Ìyá àgbà di ẹrù rẹ̀.

Òwìwí kò bá a lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún bà síbi tó máa ń bà sí. Mo-Ti-Wí ní bóyá ìyá náà gbàgbé nǹkan ni, ló fi rán ẹyẹ náà wá mú un.

Ìyàwó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán mìíràn, bàbá kan tó ń lo awò ojú. Bàbá náà gba àwòrán tí wọ́n dá padà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó fi ìka sí abẹ́ etí ọmọ.

"Ta ló ni ọwọ́ yìí?"

"Ìyá ọkọ mi ni. Ọrùn ọmọ ò tíì le. Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi dì í mú."

"Ohun tí wọ́n ṣe dá a padà nìyẹn. Ọmọ nìkan ni wọ́n fẹ́ rí."

Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sí i, ó gun àpótí, ó yà á látòkè. Ìyàwó ṣì di àwòrán àtijọ́ mú, ó ń wo àwọn ìka yẹn.

Físà jáde. Ìyàwó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ní kó má bínú. Ìyá àgbà wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ọrùn rẹ̀ ti le?"

"Ó ti le, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó padà sílé, ó bá wọn di ẹrù. Mo-Ti-Wí ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti wí pé ayàwòrán àkọ́kọ́ ni kò mọṣẹ́. Ohun tó pa káfíńtà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé nìyí: àga káfíńtà, bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ń kàn lọ́wọ́ kó tó kú, tí kò tíì kùn, ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan, tí èkejì ti bá ọmọ lọ, ìdajì agolo mílíìkì, òwìwí, ìyá àgbà, àti àwòrán méjì tí ọ́fíìsì kọ̀, tí kò sí òmíràn tí ìyá àgbà àti ọmọ náà jọ wà nínú rẹ̀.