Ẹja Ẹ̀yìn Pọ́ǹpù

Òkú ẹja ni Endah kọ́kọ́ gbé lọ bá Jufri. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e ka orí àtẹ rẹ̀ nínú ọjà ẹja ọ̀ṣọ́ ní Surabaya, nílẹ̀ Jáfà, kò tilẹ̀ kí i.

"Mas," ló wí, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe ọkùnrin níbẹ̀, "ẹja yín rèé. Ẹ̀yin lẹ tà á fún ẹ̀gbọ́n mi."

Jufri wo ẹja, ó wo ẹni tó gbé e wá, ó sì gbàgbé èwo ló yẹ kóun dá lóhùn.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Endah fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ tíì mọ̀.

Lastri ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni àwọn ẹja náà. Ẹja kéékèèké ni wọ́n, ara wọn ń dán bíi fàdákà, wọ́n ní ilà dúdú gbọọrọ, wọ́n sì máa ń rìn ní ọ̀wọ́. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà nìkan ló kù nílé bàbá wọn. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Lastri fi tọ́ Endah lẹ́yìn tí òbí wọn kú, ìgbà tó sì máa fi gbójú sókè, àwọn ọkùnrin tó ń wò ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ló bá kó ìfẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpótí dígí tó wà ní pálọ̀. Á po iyọ̀ mọ́ omi, á wọ̀n ọ́n, á tún un wọ̀n, á máa pe ẹja kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Síbẹ̀ wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jufri bẹ̀rẹ̀ sí í wá yẹ omi náà wò. Ọmọ erékùṣù Banggai ni, inú òkun ilé wọn gan-an ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti wá. Nígbà tó yá, kò wo omi mọ́, Endah ló ń wò.

"Endah mi, ṣé o mọ̀ pé mi ò rí oorun sùn?"

"Mas, ẹ lọ mu omi gbígbóná."

Ṣùgbọ́n òun náà kì í sùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé nílẹ̀ Jáfà, àbúrò kì í ṣàdédé ré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá lọ sílé ọkọ. Àbúrò á kúnlẹ̀ tọrọ ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n á béèrè ẹ̀bùn ìrékọjá, ohunkóhun tó bá wù ú, kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Endah kò mọ bó ṣe máa la ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́ òun.

Jufri kò ní sùúrù. Ó kàn bá Lastri níbi tó ti ń bọ́ ẹja, ó pè é ní Mbak, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin.

"Mbak Lastri, mo fẹ́ fi Endah ṣe aya. Ṣé ẹ gbà?"

"Nggih," ni Lastri wí, bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n máa ń fi ọ̀wọ̀ jẹ́. Kò yíjú.

Inú Jufri dùn, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀ pé kó máa bọ̀. Ìyá di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Endah gbọ́, ó káwọ́ lérí.

"Irú nggih wo ni, Mas? Ṣé wọ́n wò yín lójú?"

"Wọn ò wò mí. Nggih ṣáà ni nggih."

"Nílé yín nìyẹn. Níbí, ẹni tó gbà á jẹ́ nggih, ẹni tó kọ̀ náà á jẹ́ nggih, kó má baà dójú tì yín. 'Mo gbọ́' ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé àwọn gbà. Ẹ dá màmá yín dúró."

"Orí òkun ni wọ́n wà."

Kò sí ohun tó kù ju ìkúnlẹ̀ lọ. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wá ṣe ẹlẹ́rìí. Endah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé orí lé itan Lastri, ó sì béèrè ẹ̀bùn tó fẹ́.

"Kí ẹja mi pé bíi ti tẹ́lẹ̀," ni Lastri dáhùn.

Jufri kó ẹja tuntun dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbogbo wọn ń rìn pọ̀, inú Lastri dùn débi pé ó pe àwọn aládùúgbò wá wò.

"Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà," ló wí. "Ẹ wo àwọn tèmi bí wọ́n ṣe kọ́wọ̀ọ́ rìn."

Kò pẹ́, lẹbẹ àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n tún kú. Jufri tún kó òmíràn wá, àwọn yẹn náà kú. Ìyá Jufri ti dé, ó ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ háyà, ojoojúmọ́ ló sì ń béèrè pé ṣé ẹja làwọn wá gbé níyàwó ni.

Nígbẹ̀yìn, ẹja mẹ́ta péré ló kù. Méjì ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ̀kẹta sá sẹ́yìn pọ́ǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ìrù rẹ̀ ti já jálajàla. Endah jókòó tì wọ́n títí, ó sì rí i pé bí ẹ̀kẹta bá yọjú báyìí, àwọn méjì yẹn á lé e padà.

"Mas, ẹ ti mọ̀," ló wí fún Jufri.

Jufri tẹ orí ba. "Mo mọ̀. Tí mo bá sọ pé ẹ̀bùn yẹn ò ṣeé ṣe, báwo ni mo ṣe máa rí ẹ fẹ́?"

Inú bí Endah, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mbak, kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe àrùn. Nígbà tí wọ́n kéré, gbogbo wọn ń rìn pọ̀. Tí méjì bá ti yan ara wọn, wọn kì í gba ẹlòmíràn láyè mọ́. Wọn ò níkà nínú. Dígí yìí ló kéré."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó fẹ́ kó o padà, kò rí i kó.

Lastri wo ẹ̀yìn pọ́ǹpù títí.

"Mo pààrọ̀ ẹ̀bùn mi," ló wí. "Kí wọ́n gbé ìyẹn padà sínú òkun rẹ̀. Kó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀."

Lastri ló rán aṣọ ìyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, níṣojú gbogbo ẹbí, ó gbé ọwọ́ lé Endah lórí, ó ní, "Mo yọ̀ǹda rẹ. Máa lọ, má wẹ̀yìn." Ìyá Jufri gbé ẹja náà dání padà sílé, nínú ọ̀rá omi tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, ó gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Ọkọ̀ kò tíì dé Banggai tí ìyá fi pè. Jufri tẹ́tí sílẹ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹja náà kò ní dé òkun mọ́."

Endah lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó bá Lastri nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹja méjì ń lọ ń bọ̀ nínú dígí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti dé òkun?" ni Lastri béèrè.

Òtítọ́ wà lẹ́nu Endah, kò lè pọ̀ ọ́ jáde.

"Nggih," ló wí.

Ẹsẹ̀ Lastri dúró lórí ẹ̀rọ. Òun ló kọ́ Endah ní ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí kò tíì ju ọmọ ìrákòrò lọ. Ó já òwú, ó ká aṣọ náà.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Nggih."

Lastri dìde, ó lọ bu ìrẹsì wá fún un.