Bàbá Jókòó Sórí Àga Alátakò

Orí ìlà ìdìbò ni ọmọbìnrin aránṣọ kan ti kọ́kọ́ rí i: géńdé ọkùnrin kan tó ń fi fìlà fẹ́ atẹ́gùn sí ìyá arúgbó tó wà níwájú rẹ̀, tí òógùn sì bo ojú òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí àwa ará ẹ̀yìn náà o!" ni aránṣọ ké sí i.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn ọmọbìnrin náà fò sókè. Ara kì í ṣe igi. Àwa òkú àdúgbò yìí, tí a ti di egungun lásán, gan-an ṣì rántí.

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà. Ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó jinlẹ̀, kò sí wàhálà àfi ìgbà tí bàbá aránṣọ béèrè ẹgbẹ́ tí ilé ọkùnrin náà ń dìbò fún.

"Alátakò? Mi ò fọmọ fún wọn. Orí mi lásán, wọn ò ní fá a!"

Ládùúgbò yẹn, onígbàjámọ̀ ẹgbẹ́ ẹni nìkan ló ń fárí ẹni.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé kí n yí ẹgbẹ́ padà ni?" ni onígbàjámọ̀ bi aránṣọ.

"Rárá o. Ẹni tó bá ta ìbò rẹ̀ nítorí mi, á ta èmi náà lọ́jọ́ kan."

Ni ọkùnrin náà bá tọ Bàbá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mi ò wá jiyàn. Kí ló mú yín yan ẹgbẹ́ yín?"

Ẹnìkan ò bi Bàbá bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọjọ́ tí ìyá ọmọ yìí kú, òjò ń rọ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ wa ló bá mi gbẹ́ ibojì rẹ̀. Kì í ṣe ìlérí wọn ni mò ń dìbò fún. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ni."

"Ní tiwa, ọ̀nà ni. Ẹgbẹ́ wa ló là á. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá mi gbà dé ilé ìwòsàn, oyún mi wà nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì yè é."

Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ tèmi, ṣé wàá wá?"

"Màá wá, Bàbá. Ọjọ́ á jìnnà."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò rí Bàbá lórí àga onígbàjámọ̀, ó na ọrùn sílẹ̀ fún abẹ.

"Bàbá Aránṣọ, ẹ ti yí ẹgbẹ́ padà ni?"

"Irọ́ ńlá! Irun ni mo ní kó fá, kì í ṣe ọpọlọ!"

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnujú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bàbá rí i. Ó tún tẹ orí ba.

"Rọra o," ló wí fún ọkùnrin náà. "Rọra, àna mi."