Òwú Tí Àǹtí Aránṣọ Ń Fi Eyín Gé

Bí ẹ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí aránṣọ kọjá lówùúrọ̀, ẹ óò rí i létí fèrèsé, tó tẹ orí ba lórí máṣìnnì rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Tó bá rán ojú ibì kan tán, kì í wá nǹkan tí yóò fi gé òwú. Á gbé aṣọ sún mọ́ ẹnu, á fi eyín iwájú já òwú, á sì bọ́ sórí òmíràn. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti ń ṣe nìyẹn. Ó di ọdún mọ́kànlá tí òun náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sísọ́ọ̀sì kékeré kan sì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ o. Dúdú ni ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì mú bí abẹ. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tí ìfẹ́ wọn pé ọdún kan. Àmọ́ ó rẹwà jù lójú àǹtí aránṣọ láti máa fi ṣiṣẹ́. Ó fi àjákù sílíìkì wé e. Á ṣí dúrọ́ọ̀, á wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún tì í, á sì padà sídìí fífi eyín gé òwú.

Ẹ̀rín yẹn ló fa káfíńtà mọ́ ọn. "Ẹlẹ́rìn-ín mi" ló máa ń pè é. Tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀ láti òdìkejì títì, ara àǹtí aránṣọ á gbóná, ìlà aṣọ tó ń rán á sì wọ́.

Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta, ẹ̀rín náà ti ń fara pamọ́. Lọ́jọ́ kan, òwú líle kan ló ń fi eyín já. Eyín iwájú kan bá ṣẹ́ létí, bí ìgbà tí èèyàn ya igun ìwé. Kò dùn ún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, erìgì rẹ̀ lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu. Ẹ̀rù bà á. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì ló ń dá òun lọ́gbẹ́, ló bá fi apá òsì sílẹ̀, ó wá ń fọ apá ọ̀tún nìkan. Kò pẹ́ tí òórùn fi dé sí ẹnu rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́ láti máa gòkè wá bo ẹnu.

Lọ́jọ́ Àìkú, káfíńtà wọlé wá, lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó dúró, ó ń yí rúlà ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ẹlẹ́rìn-ín mi, wọ́n ti fún mi níṣẹ́ òrùlé ilé ìwé kan ní ìlú kejì. Oṣù mẹ́ta ni. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ. Mi ò fẹ́ lọ láìbi ọ́ ní nǹkan kan." Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ọ̀nà ọ̀fun àǹtí aránṣọ. Láti ọjọ́ wo ló ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí? Àmọ́ ojú káfíńtà ti sún mọ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí òun bá lanu báyìí, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó bo ẹnu, ó sì kọjú sí ògiri.

"Jẹ́ kí n rò ó ná," ló sọ láti ẹ̀yìn ọwọ́.

Káfíńtà ti rúlà rẹ̀ bọ àpò. "Kò burú. Máa rò ó. Màá wá tún pákó tó ń mì lára ògiri rẹ yìí ṣe lọ́jọ́bọ̀ kí n tó lọ." Ó sọdá títì láìbojú wẹ̀yìn.

Gbogbo rẹ̀ ṣojú ẹ̀gbọ́n àǹtí aránṣọ, tó jókòó ní igun tó ń to bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n yìí ní ìmọ̀ràn fún ohun gbogbo.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi."

"O fẹ́ ẹ, o kọjú sí ògiri. Àbí ògiri lo fẹ́ fẹ́?"

Ẹkún ni àǹtí aránṣọ fi dáhùn. Ó ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé nítorí ìyẹn náà ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Fi hóró oògùn ẹ̀fọ́rí há ara erìgì yẹn kó sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n má ṣe dé ilé ìwòsàn eléyín o. Yíyọ ni tiwọn. Tí wọn ò bá sì yọ ọ́, wọ́n á fi irin ha á títí gbogbo eyín á máa mì."

Àǹtí aránṣọ fi oògùn há ibẹ̀. Nígbà tó jí, ara erìgì rẹ̀ ti funfun, ó ti bó, ó sì ń ta á bí ata.

Lọ́jọ́ Ajé ni oníbàárà kan dé, obìnrin tó fẹ́ rán gáùn iṣẹ́ méjì. Òun ni dókítà eyín tuntun ní ilé ìwòsàn tó wà ní òpin àdúgbò. Àǹtí aránṣọ kò tíì mọ̀. Ó fi tépù wọn èjìká obìnrin náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dá èémí dúró. Ó wọn àyà, ó tún dá èémí dúró. Nígbà tó wá fẹ́ tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ aṣọ yóò mọ, ó gbá òwú kan mú, ó fi eyín já a.

"Àǹtí," ni oníbàárà náà wí pẹ̀lẹ́, "sísọ́ọ̀sì yín dà?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, mà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á sọ. "Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló rà á. Ó ń sìn ín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Dókítà eyín ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, ẹ ò tíì mí sí mi lára lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wo ẹnu yín, tí kò bá bí yín nínú."

Ojú ti àǹtí aránṣọ bí ẹni pé kí ilẹ̀ gbé e mì. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà tù ú lára. Ó lanu létí fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

"Ta ló sun erìgì yín báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to bọ́tìnnì rẹ̀ kíákíá.

"Oògùn ẹ̀fọ́rí ni, mà."

"Gbígbé mì la ń gbé e. Ara ẹnu kò ju awọ ẹyin lọ. Tí ẹ bá gbé oògùn lé e, á jó o. Ta ló wá ní kí ẹ má fọ apá òsì mọ́?"

"Ó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni. Mo ní kí n má dá egbò kún egbò."

"Tí eruku bá kún abẹ́ máṣìnnì yín, tó wá ń já òwú, ṣé ẹ ó ní kí ẹ má nù ún mọ́ kó lè sinmi?"

"Rárá o. Á tún bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí tó jókòó sí ìdí eyín ló mú erìgì wú. Bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, òun náà ló ń fa òórùn. Irú búrọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lò?"

"Líle. Mo fẹ́ kó mọ́ dáadáa."

"Rírọ̀ ni kí ẹ rà. Eyín kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìkòkò."

Àǹtí aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Dókítà rọra mú ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀.

"Dókítà, tí mo bá wá sọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ ò ní yọ eyín tó ṣẹ́ yìí? Mi ò fẹ́ jẹ́ ìyàwó tí kò léyín iwájú."

"Etí rẹ̀ lásán ló ṣẹ́. A ní ohun tí a fi ń dí i, tó ní àwọ̀ eyín. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nìkan la máa ń yọ, a ó sì bá yín sọ ọ́ ná."

Ẹ̀gbọ́n kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni kan ládùúgbò wa lọ ha eyín lọ́dọ̀ yín. Ó ní àlàfo ló dé síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń mì."

"Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ìdọ̀tí tó bá pẹ́ lára eyín máa ń le bí òkúta, apá búrọ́ọ̀ṣì ilé kò sì ní ká a mọ́. Á kó ara rẹ̀ sí àárín eyín, á ti erìgì sísàlẹ̀. Tí a bá ha á kúrò, ahọ́n á rò pé àlàfo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ohun tó ń mú eyín mì ni àìsàn erìgì tí a kò tètè tọ́jú."

"Ṣùgbọ́n kò dùn mí títí di àná," ni àǹtí aránṣọ wí.

"Ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn. Àìsàn erìgì kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá máa fi dun èèyàn, ó ti jìnnà." Ó kó báàgì rẹ̀. "Lọ́la, ní aago mẹ́wàá. Kí ẹ sì gbé sísọ́ọ̀sì yẹn kọ́rùn, kí n má bàa bá a nínú dúrọ́ọ̀ mọ́."

Ọ̀la dé, ó lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga gígùn àwọn eléyín mú nígbà tó jókòó sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yọ eyín kankan. Wọ́n ha òkúta ìdọ̀tí náà kúrò, wọ́n dí igun eyín tó ṣẹ́, wọ́n fi hàn án bó ṣe yẹ kó máa fọ̀ ọ́: rọra, láti ìdí erìgì, ìṣẹ́jú méjì, láàárọ̀ àti kó tó sùn. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ṣì lè yọ díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó má ṣe sá fún un, kó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tó délé, kò jókòó sí aṣọ oníbàárà kankan. Aṣọ líle kan, bí èyí tí wọ́n fi ń rán àpò, ló gbé sórí máṣìnnì. Títí di Ọjọ́bọ̀ ló fi ń rán an, sísọ́ọ̀sì kékeré náà sì ń fì lọ́rùn rẹ̀.

Káfíńtà dé bó ṣe ṣèlérí. Ó kí wọn ní ìkíni àlejò, ó gun àpótí, ó sì kọjú mọ́ pákó ara ògiri. Ìṣó mẹ́rin ló há sáàárín eyín. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn wọ́n. Àǹtí aránṣọ ń wò ó. Kò tíì ṣàkíyèsí rẹ̀ rí pé àwọn méjèèjì ló ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ ọwọ́.

Ó dìde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Tu ìṣó yẹn sí mi lọ́wọ́."

Káfíńtà tu wọ́n sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe ìwọ ni mo kọjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀," ni àǹtí aránṣọ wí. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gòkè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ẹnu mi ló ń rùn. Erìgì mi ló ń ṣàìsàn, eyín mi sì ṣẹ́. Ojú ló tì mí. Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò tíì san tán, àmọ́ ó ti ń lọ."

Káfíńtà sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ kó tó dé ẹnu.

"Èmi rò pé ẹnu tèmi ni. Eyín ẹ̀yìn mi kan ti lu ihò láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí o kọjú sí ògiri, mo ní o ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Wo àpò mi." Ó da súìtì míńtì bí ogún sórí tábìlì. "Láti Àìkú ni mo ti ń lá wọn bí ọmọdé. Eyín náà ò wá jẹ́ kí n sùn mọ́."

"Ṣúgà lo ń fi bọ́ ihò yẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí láti igun, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Àǹtí aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Kò bo ẹnu. Káfíńtà dúró bí ẹni tí iná tàn sí lójú, tí kò sì fẹ́ kó kú.

Nígbà náà ló gbé aṣọ tó rán jáde: épírọ́ọ̀nù tí káfíńtà ń so mọ́ iwájú ara, pẹ̀lú àpò ìṣó mẹ́rin níwájú àyà. Ó da àwọn ìṣó ọwọ́ rẹ̀ sínú ọ̀kan.

"Ibẹ̀ ni kí ìṣó máa gbé, kì í ṣe ẹnu. Wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Tí o bá dé, kó o gbé e wá kí n fọ̀ ọ́. Mi ò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn máa fọ aṣọ ọkọ mi."

Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni káfíńtà fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ti ọ̀sán ló padà wọ̀, nítorí àǹtí aránṣọ ti mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn eyín ní òpin àdúgbò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ nígbà tí ẹ ń fọ ẹnu, ẹ má ṣe jáwọ́. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, èròjà tó ń fún eyín lágbára, fọ gbogbo ẹnu rọra lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí èkejì jẹ́ ohun tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn kí ẹ tó sùn. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti fọ́nká, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ lọ rí dókítà eyín. Aboyún pàápàá lè lọ, kó sáà sọ fún wọn pé òun lóyún. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí tí ibà bá bá ìrora eyín rìn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ má fi oògùn há erìgì. Ẹ má fi súìtì bo òórùn ẹnu. Òwú ní sísọ́ọ̀sì tirẹ̀, ìṣó ní àpò tirẹ̀.

Ẹ má sì dúró dìgbà tó bá dùn yín. Ẹni tí ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín sí lè ti wà ní òdìkejì títì.