Máàpù Igi Tó Ti Wó Sódò

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni àwọn obìnrin mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan ní bùdó Mvunguti, ibi tí àwọn àlejò ti ń wá wo ẹranko igbó létí odò Luangwa, tòun ti báàgì, tòun ti bàtà tuntun, wọ́n ní àwọn dé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Zelipa Kalowa, olórí bùdó, nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó yẹ ìwé àlejò wò lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀yin Mama, ta ló ní kẹ́ ẹ wá?"

"Ọ̀gbẹ́ni Mumba yín ni!" Mama Chilufya ló dáhùn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ní Kitwe, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. "Ó ní ẹ máa wá pàdé wa níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró ní Chipata. A dúró títí oòrùn fi fẹ́ pa wá. Ìrìn ọjọ́ márùn-ún la sanwó fún. Ìwé rẹ̀ rèé. Òǹtẹ̀ yín rèé."

Òǹtẹ̀ bùdó ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí Mumba kankan ní Mvunguti.

Orí ìtì igi kan nítòsí ni Fackson Kalowa jókòó sí, ó ń fi epo nu ìbọn rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ẹ̀ṣọ́ igbó ni, òun ló máa ń gbé ìbọn ṣáájú àwọn àlejò tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin inú igbó. Àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló bí Zelipa, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Orúnkún ń dùn ún, ìdí ń dùn ún, àríyànjiyàn àlejò ni ohun tó fẹ́ gbọ́ kẹ́yìn láyé yìí. Ó tẹ orí ba, ó ń nu ìbọn lọ.

Àfi bí Mama Chilufya ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí Mumba kọ́ wọn, bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ gba máàkì. "Kò sí aṣọ funfun, kò sí búlúù, nítorí eṣinṣin tó ń buni jẹ. A ó máa tò lẹ́yìn ara wa bí ìjàlọ. Ìbọn níwájú, ẹni tó ru kẹ́tùrù tíì lẹ́yìn. Bí oníbọn bá nawọ́, ká dúró gbagidi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré. Ohun tó bá sáré nínú igbó, ẹran lorúkọ rẹ̀. Ṣé irọ́ nìyẹn?"

Ọwọ́ Fackson dúró lórí ìbọn. Kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun gan-an ni, bó ṣe ń tò ó gẹ́lẹ́.

Obìnrin náà tún tẹ́ máàpù kan sílẹ̀, tí Mumba fi ọwọ́ yà fún wọn. Ọ̀nà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ibi tí erinmi pọ̀ sí wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa sinmi mu tíì náà wà níbẹ̀: lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún ńlá tó wà níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Igi yẹn ti wó sódò ní oṣù kejì, nígbà tí àgbàrá jẹ bèbè odò lọ. Lọ́dọọdún ni òjò máa ń kó bùdó lọ, ní oṣù karùn-ún ni gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa ń ru koríko wá tún un kọ́. Ẹni tó bá ru koríko lọ́dún yìí ti fojú ara rẹ̀ rí gbòǹgbò igi náà nínú omi. Zelipa rù ú. Gbogbo wọn ló rù ú, àfi Winstone Daka, tó ru kẹ́tùrù tíì lẹ́yìn Fackson fún ọdún mẹ́sàn-án, tó kúrò lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, tó ní òun ti ríṣẹ́ sí Livingstone.

Fackson mọ ẹni tó ya máàpù náà lójú ẹsẹ̀. Ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Sájẹ́ǹtì Sakala tí àwọn obìnrin náà pè ti dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, ó dúró ti tábìlì Zelipa.

"Ta ló ń tọ́jú òǹtẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta tún ni?"

"Kò sẹ́lòmíì."

"Ó parí nìyẹn. Wọ bàtà, ká máa lọ."

"Sájẹ́ǹtì, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀!"

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn. Bó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ò tíì jẹ́wọ́, Chipata ni màá gbé ẹ lọ. Ẹjọ́ tibẹ̀ kì í tètè tán."

Zelipa yíjú sí Fackson. "Bàbá, ẹ sọ nǹkan."

"Ó máa yanjú," ni Fackson wí. Ọkọ̀ gbé Zelipa lọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹfọ̀n kan sọ Fackson sókè, ó fọ́ orúnkún rẹ̀. Winstone ló ju kẹ́tùrù sílẹ̀, tó gbé e pọ̀n sẹ́yìn, tó rìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Ṣùgbọ́n kí ni Zelipa ṣe? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fackson wà lọ́jà, orí ọmọ sì ń wọ́ lójú rẹ̀ kòrókòró. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè jẹun. Ó fa ẹsẹ̀ lọ wo igi náà nínú omi, bí ẹni pé ó lè ti dìde padà. Ó ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀nì kan ń yá oòrùn lórí ẹ̀ka rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó mú Mama Chilufya dání, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó tẹ́ máàpù síwájú Sakala, ó sì dárúkọ Winstone. Sakala fọwọ́ họ orí.

"Máàpù nìkan kò tó, Bàbá. Ẹ mú ẹni náà wá, màá tú ọmọ yín sílẹ̀."

"Ẹ fún mi ní fóònù," ni Mama Chilufya wí. Ó tẹ nọ́ńbà Mumba, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin. "Ọ̀gá, a ṣì wà ní Chipata o, ọkọ̀ tí a bá lọ bàjẹ́ lọ́nà, awakọ̀ bá dá wa padà. A ò bínú rárá. Àbúrò mi méjì tún fẹ́ bá wa rìn, owó wọn ti wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, Mama. Mò ń bọ̀ wá bá yín."

Mama Chilufya pa fóònù. "Ojúkòkòrò ò létí," ló wí.

Ní ọ̀sán, Winstone yọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró ní Chipata, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní ẹyẹ idì láyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí Mama Chilufya. Ó tún rí Fackson tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Sakala nawọ́ mú un, apá ṣẹ́ẹ̀tì ló kù sí i lọ́wọ́. Winstone ti fo agbọ̀n tòmátì kọjá, ó fò sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò. "Wa kẹ̀kẹ́! Wa kẹ̀kẹ́!" Wọ́n gba àárín ọjà lọ. Ọkọ̀ Sakala há sáàárín àwọn tó ń ta àgbàdo.

Wákàtí kan kọjá kí wọ́n tó rí oníkẹ̀kẹ́ náà. Ó ní òun já èrò òun sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, kò tilẹ̀ sanwó. Sakala wo òkè náà, òkúta àti igbó ni láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Ọgọ́rùn-ún ọlọ́pàá ò lè tú ibí yìí kó tó ṣú. Bó bá di ọ̀la, á ti dé Màláwì."

"Ibo ni atẹ́gùn ti ń wá?" Fackson bèèrè.

"Atẹ́gùn kẹ̀?"

Fackson bu iyẹ̀pẹ̀, ó jẹ́ kó máa dà díẹ̀díẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé tó bá ń sá pamọ́, kó kọjú sí atẹ́gùn, kó lè máa gbóòórùn ohun tó ń bọ̀. Ìlà-oòrùn ló máa kọjú sí. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ."

Ó gun òkè náà pẹ̀lú orúnkún tó ń dún kẹ̀kẹ̀, ó ń sinmi lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lẹ́yìn òkúta ńlá kan, ó rí ẹ̀yìn tí ó mọ̀ dáadáa, ẹ̀yìn tó gbé e pọ̀n. Ó dúró, omi lé sí i lójú.

"Winstone. Dìde, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Winstone kò sá mọ́. Ó dìde, ó sì na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sakala kò jẹ́ kó jókòó.

"Orúkọ?"

"Winstone Daka."

"Mumba ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Òǹtẹ̀?"

"Mo jí kọ́kọ́rọ́ àpótí Zelipa, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ogún ìwé òfìfo kí n tó kúrò."

"Èèyàn mélòó lo ti lù ní jìbìtì?"

"Mọ́kànlá."

"Zelipa mọ̀ sí i?"

"Zelipa kẹ̀? Rárá o! Kí ló dé?"

"Inú sẹ́ẹ̀lì ló sùn láti ọjọ́ Ajé nítorí ẹ."

Winstone tẹ orí ba. Fackson ló bi í ní ìbéèrè tó kù. "Kí ló dé, ọmọ yìí? Kí ló gbé ọ débẹ̀?"

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò amọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì mi ò dáa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ru kẹ́tùrù. Lọ́jọ́ tí mo jókòó sílé Mama yìí, tí mò ń ṣètò ìrìn fún wọn, wọ́n ń bi mí léèrè, mò ń dáhùn, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Amọ̀nà ni mí lọ́jọ́ yẹn."

"O sì mọ̀ ọ́n ṣe," ni Mama Chilufya wí. "Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ọmọ burúkú."

Wọ́n rí èyí tó pọ̀ nínú owó náà nínú agolo mílíìkì nínú yàrá tí Winstone háyà ní Chipata. Mama Chilufya di èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún ìdùnnú, lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá àwọn ṣì lè rìn. Fackson ní wọ́n lè rìn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Zelipa padà dé sí bùdó. Àwọn obìnrin Kitwe dì mọ́ ọn, wọ́n pariwo yọ̀. Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ro nsima, òkèlè àgbàdo, ó gbé e síwájú Fackson pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Fackson kò fọwọ́ kàn án.

"Zelipa, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Pé Winstone ni. Bí wọ́n ṣe tẹ́ máàpù sílẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo dákẹ́."

Zelipa gbé síbí sílẹ̀.

"Oru mẹ́ta, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí wọ́n ń tì mí wọ ọkọ̀, ojú yín ni mò ń wò. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá mi ò lè mọ nǹkan kan kó dákẹ́. Nǹkan tí mo fi sùn níbẹ̀ nìyẹn."

Fackson ti àwo oúnjẹ náà sẹ́yìn.

"Mi ò tíì dárí jì yín," ni Zelipa wí. "Ẹ jẹun."

Ó bu nsima tirẹ̀, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i, kò sì kúrò níbẹ̀ títí Fackson fi jẹun tán.