Àbẹ́là Ìránṣẹ́

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ àwọn àbẹ́là náà pa, èéfín wọn kò gòkè. Ṣe ló sọ̀kalẹ̀ lára tábìlì, ó rá lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú.

Ìrọ̀lẹ́ kẹta ọdún ìmọ́lẹ̀ tí àwọn Júù ń pè ní Hánúkà nìyẹn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Rẹ̀mílẹ́kún ń ṣe ní Atlanta, nílé Miss Estelle, ìyá Júù kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún fúnra rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan tó bímọ. Oyún oṣù mẹ́fà ni Dárasími tó fi jáde. Inú àpótí gíláàsì ló wà ní hospital, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Dókítà ní, “Ẹ má ro ju òní lọ.”

Lọ́jọ́ kìíní, Miss Estelle ní kó gbé ọ̀pá àbẹ́là ẹlẹ́nu mẹ́sàn-án síwájú fèrèsé. Rẹ̀mílẹ́kún kọ̀.

“Miss Estelle, ẹ má bínú. Ìyá mi ti kó wa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. A kì í tan àbẹ́là mọ́.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ta ló ní kó o sìn ín? Tàn án ni mo wí.”

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí àwọn baba wọn gba tẹ́ńpìlì padà lọ́wọ́ ọ̀tá, òróró ọjọ́ kan péré ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì jó fún ọjọ́ mẹ́jọ. “Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kìíní ló ń yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n mọ̀ pé kò ní í tó. Wọ́n sì tàn án.”

Rẹ̀mílẹ́kún kọjú sí ògiri, ó nu ojú rẹ̀. Ó ṣáná. Ẹyọ kan lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, àti ẹyọ tó ga jù láàárín, tí wọ́n ń pè ní ìránṣẹ́, tí wọ́n fi ń tan ìyókù.

“A kì í fẹ́ ẹ pa,” ni Miss Estelle kìlọ̀. “Kó jó tán fúnra rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá ọkọ rẹ̀ pè é lórí fídíò láti Morrow, ìlú kan nítòsí, ó sì rí iná náà. “Àbẹ́là kẹ̀? Nígbà tọ́mọ wà lẹ́nu ikú? Fẹ́ ẹ pa lórúkọ Jésù, kíá!” Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ gbogbo rẹ̀ pa.

Èéfín náà kò tíì jáde tán tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì Ọlábísí ni. “Ìyá Dárasími, ẹ máa bọ̀. Ó dákẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà ni.”

Lórí bẹ́ẹ̀dì, Miss Estelle ń wo abẹ́ ilẹ̀kùn.

“Èmi náà fẹ́ ẹ pa rí,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mo ní ọmọbìnrin jòjòló kan nígbà yẹn.” Ó nawọ́. “Gbé ìránṣẹ́ fún mi. Lọ bá ọmọ rẹ.”

Láti ọjọ́ yẹn, Rẹ̀mílẹ́kún kò tan nǹkan kan. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, ó bá mẹ́rin tó ń jó. Ní ìrọ̀lẹ́ karùn-ún, márùn-ún.

“Ta ló ń tàn án, mà?”

“Ṣé èmi tí mo sùn gbalaja yìí lò ń bi?”

Àbẹ́là ìránṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìyá náà, iná kò sí lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kúrú lójoojúmọ́. Bí ara Dárasími ṣe ń yá sí i ni ọwọ́ Miss Estelle ń tutù sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹjọ, George, ọmọkùnrin Miss Estelle, ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Aago mẹ́rin ni ìyá mi lọ.”

Lẹ́yìn rẹ̀, níwájú fèrèsé, àbẹ́là mẹ́jọ ń jó.

“Ṣé ìwọ lo ti wá tàn án ṣáájú?” ni George béèrè.

Rẹ̀mílẹ́kún mi orí. Ó lọ sí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ó sì sunkún bíi pé ìyá tó bí i ló kú. Ìránṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ náà mọ́. Ẹ̀kán ìda kan péré ló kù, ó ṣì gbóná.

Fóònù dún. Ó bẹ̀rù àtigbé e. George ló bá a tẹ̀ ẹ́.

“Ìyá Dárasími, ayọ̀ ni o! A ti yọ tube. Ó ti ń mí fúnra rẹ̀.” Ọlábísí ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá òyìnbó arúgbó kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó wọ aṣọ oorun, ó ti jókòó tì í láti nǹkan bí aago mẹ́rin. Ó ní ká má pa iná.”

“Ó... ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.” Ohùn nọ́ọ̀sì náà wálẹ̀. “Àmọ́ Aunty, ọwọ́ òfìfo ló wọlé. Nígbà tó ń lọ, ó gbá ọmọ jòjòló kan mọ́ àyà. A ti ka àwọn ọmọ wa lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pé.”

Òun àti George jókòó ti fèrèsé. Wọn kò fẹ́ ẹyọ kan pa. Bí wọ́n ṣe ń jó tán lọ́kọ̀ọ̀kan, èéfín wọn gòkè tààrà títí ó fi di méje.

Ẹ̀kẹjọ sọ̀kalẹ̀. Ó rá lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Rẹ̀mílẹ́kún mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ bá ọmọ rẹ̀.